Iná Kan, Iṣẹ́ Méjì: Kí A Tó Fi Ooru Jẹnẹrétọ̀ Sè Omi Ìwẹ̀

 

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí owó bẹntiróòlù sì ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìbéèrè kan ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀lọpọ̀ onílé ní Ìkòròdú níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti ní Ẹ̀pẹ́ níbi tí àwọn ẹbí ìyá mi wà. Wọ́n ń béèrè pé, "Epo tí mo fi owó gọbọi rà yìí, ṣé iná nìkan ni yóò máa tàn fún mi? Ooru tí ń jáde lára jẹnẹrétọ̀, ṣé n kò lè fi sè omi ìwẹ̀ ni, tàbí kí n fi yan ẹja?"

Ìbéèrè ọlọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yìí kan náà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹ̀mí ìyá kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ní ìṣojú mi. Èmi tí mo sì kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ohun tí ó lé ní ogún ọdún, n kò tètè mọ ohun tí ń ṣe wọ́n. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó pe jórinjórin wá sí ilé rẹ̀.

Ìyá ọlọ́mọ tuntun tí orí ń fọ́

Ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ wá sí dispẹ́nsárì fún abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí a ṣe tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, orí ń fọ́ mi láràárọ̀, òòyì ń kọ́ mi, ó sì ń ṣe mí bí ẹni pé kí n bì." Mo yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún ibà, n kò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ mo wí nínú ara mi pé ibà ni, nítorí ibà ni a ń rí lójoojúmọ́. Mo fún un ní oògùn ibà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ó padà wá. Orí náà kò sàn. Ó ní ọmọ kò fẹ́ mu ọmú dáadáa mọ́, ó sì ń sùn ju bí ó ti yẹ lọ. Mo fi ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, èyí tí ń wo bí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ti pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, há ìka rẹ̀. Ó kọ 98. Mo ní afẹ́fẹ́ ara rẹ̀ pé. Mo sọ pé bóyá ẹ̀jẹ̀ ni kò tó lẹ́yìn ìbímọ, mo sì fún un ní oògùn tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀.

Ìgbà kẹta tí ó wá ni ó sọ ọ̀rọ̀ tí ó là mí lójú. Ó ní, "Mà, ohun kan yà mí lẹ́nu. Mo lọ sun ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ màmá mi ní Imota, orí náà kò fọ́ mi rárá. Ọjọ́ tí mo padà sílé ni ó tún bẹ̀rẹ̀."

Mo fi kálàmù sílẹ̀. Mo bi í pé, "Ta ni ó tún ń ṣàìsàn nínú ilé yín?"

Ó ní, "Bàbá ọmọ mi ni, àti ọmọ iléèwé tí ó wà ní yàrá tí ó kọjú sí tiwa. Wọ́n ní ibà ń ṣe àwọn náà."

"Ṣé ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀?"

"Bàbá onílé ni ó ń tàn án, mà. Òun náà ni ó ń bá wa sè omi ìwẹ̀."

N kò jẹ́ kí ó padà sílé. Mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́, mo sì rí i pé a gbé òun àti ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kí wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ní kíá. Mo ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ̀ àti sí àwọn ará ilé tó kù pé kí gbogbo wọn jáde síta, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ náà. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìyá yè, ọmọ yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi mi kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó wá, ẹ̀ẹ̀mejì ni n kò béèrè ohun tí ń jó nínú ilé rẹ̀.

Ohun tí mo bá nínú ilé náà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé ọ̀hún. Ilé olóyàrá mẹ́wàá ni, yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan sì wà láàárín. Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, lábẹ́ òrùlé páànù kan, ni jẹnẹrétọ̀ wà. Jórinjórin kan ti ká páìpù bàbà mọ́ sàlẹ́ńsà rẹ̀ bí ejò tí ó ká mọ́ igi, omi ń gba inú páìpù náà kọjá, ó sì ń bọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù ní gbígbóná. Wọ́n so rọ́bà kan mọ́ ẹnu sàlẹ́ńsà kí èéfín lè gba inú ihò ara ògiri jáde. Ibi tí rọ́bà àti irin ti pàdé ti dúdú, ó ti là, èéfín sì ń gba ibẹ̀ yọ.

Àgbàlagbà ni bàbá onílé, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tí ó gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Kì í ṣe ìkà. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, àwọn ayálégbé mi tó 30. Láago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀ ni mo máa ń tan ẹ̀rọ láti fa omi sókè. Mo wá rò ó pé kí ooru má ṣòfò, kí àwọn tí ń lọ sí Èkó níbi iṣẹ́ rí omi gbígbóná wẹ̀ kí wọ́n tó jáde. Mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó pàápàá ń ṣe é bẹ́ẹ̀."

Mo dá a lóhùn pé, "Bàbá, òótọ́ ni ẹ sọ. Wọ́n ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

Òótọ́ tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ bàbá

Ẹ jẹ́ kí n fi yúnìtì tí a ń rà sínú mítà ṣàlàyé. Agbára tí ó wà nínú líta bẹntiróòlù kan tó nǹkan bí yúnìtì 9. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí wọ́n ń pè ní "I pass my neighbour", kì í sọ ju yúnìtì kan sí ọ̀kan àbọ̀ nínú rẹ̀ di iná mànàmáná. Gbogbo ìyókù di ooru, ó sì bá afẹ́fẹ́ lọ. Ẹ ò rí i pé ẹni tí ó bá ní epo ń ṣòfò kò purọ́.

Kì í ṣe ẹ̀rọ kékeré nìkan ni èyí ń ṣẹlẹ̀ sí. Ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin, tí ó wà lápá Ijede ní Ìkòròdú níbí, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1985, ní ẹ̀rọ ńlá mẹ́fà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè pèsè mẹ́gáwáàtì 220. Gáàsì ni wọ́n ń fi sè omi níbẹ̀ títí yóò fi di oru, oru náà ni ó sì ń yí ẹ̀rọ. Nígbà tí oru bá ṣe iṣẹ́ tán, omi ọ̀sà ni wọ́n fi ń mú un tutù. Ju ìdajì ooru iná náà lọ ni kì í di mànàmáná.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn ti ń ronú bí wọn yóò ṣe lo irú ooru bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ mànàmáná tí Thomas Edison dá sílẹ̀ ní ìgboro New York ní 1882 ta iná, ó sì tún ta oru gbígbóná fún àwọn ilé tí ó wà nítòsí. Ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ṣe ohun èlò kan tí wọ́n ń gbé ka orí fìtílà kẹrosíìnì. Fìtílà ń tan ìmọ́lẹ̀, ooru rẹ̀ sì ń mú kí rédíò sọ̀rọ̀ ní abúlé tí kò ní iná. Ní Japan, láti 2009, wọ́n ń ta ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Ene-Farm fún ilé gbígbé. Gáàsì ni ó ń lò. Ó ń ṣe iná tí kò ju kílówáàtì kan lọ, ó sì ń fi ooru tó kù pèsè omi ìwẹ̀ fún ará ilé. Bí ẹ̀rọ irú èyí bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tí ilé sì ń lo ooru rẹ̀ tán, ohun tí a rí jẹ nínú gáàsì lè tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe tò ó. Ìta ilé ni ẹ̀rọ náà ń dúró sí. Omi nìkan ni ó ń gbé ooru wọlé nínú páìpù tí a fi nǹkan wé. Táǹkì kan wà tí ń tọ́jú omi gbígbóná di ìgbà tí a fẹ́ wẹ̀. Èéfín kò ní nǹkan kan í ṣe nínú ilé. Ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà ni ó ń tò ó, kì í ṣe ẹni tí ó kàn mọ irin jó.

Níbi yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Ooru kò fẹ́ kí a gbé òun jìnnà, nítorí bí ọ̀nà bá jìn yóò tutù. Èéfín kò sì yẹ kí ó súnmọ́ wa, nítorí bí ó bá súnmọ́ yóò pa wá. Ẹni tí ó bá ní kí jẹnẹrétọ̀ ṣe iṣẹ́ méjì, ọkàn rẹ̀ yóò máa fà á láti gbé ẹ̀rọ náà súnmọ́ ilé, bí kò tilẹ̀ mọ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí bàbá onílé nìyẹn. Nítorí ooru ni ó ṣe gbé ẹ̀rọ wá sí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nítorí omi ìwẹ̀ ni ó ṣe ń jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná ní ìdájí, nígbà tí gbogbo ilé ṣì ń sùn.

Ọ̀tá tí kò ní òórùn

Orúkọ ohun tí ó mú ìyá náà ni kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì. Ó máa ń jáde níbi tí epo, igi, èédú tàbí gáàsì bá ti ń jó tí kò jó tán. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni nímú. Òórùn èéfín tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe òun. Ẹ lè má gbọ́ òórùn kankan kí ó sì ti kún yàrá.

Ẹ̀jẹ̀ wa ní ohun kan tí ń gbé ọ́síjìn kiri ara. Ohun yìí fẹ́ràn kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Nítorí náà, bí díẹ̀ bá wọ inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí, yóò gba ìjókòó mọ́ ọ́síjìn lọ́wọ́, ọpọlọ àti ọkàn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Ẹ̀rọ tí a ń fi há ìka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì. Ìdí nìyí tí ó fi kọ 98 fún mi nígbà tí ìyá ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe gba ẹ̀rí ẹ̀rọ náà gbọ́ nínú irú ọ̀ràn yìí.

Aláboyún ni ó wà nínú ewu jù, nítorí ẹ̀jẹ̀ ọmọ inú tún ń di nǹkan burúkú yìí mú ju ti ìyá lọ. Lẹ́yìn wọn ni ọmọ ọwọ́, arúgbó, àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn tàbí ikọ́ fée.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi iná kan ṣe iṣẹ́ méjì, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ó bi ara rẹ̀.

Ìkínní: Níbo ni èéfín ń gbà lọ? Jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí ìta, kí ó má kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, títí kan ti aládùúgbò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kì í ṣe ìta. Ilé ìdáná kì í ṣe ìta. Fèrèsé tí a ṣí sílẹ̀ kò sọ inú ilé di ìta. Bí àyè tí ẹ ní kò bá tó èyí, ẹ má ṣe lọ sí ìbéèrè kejì.

Èkejì: Ṣé ìgbà tí mo nílò iná náà ni mo nílò ooru? Ní Japan tàbí ní Jámánì, òtútù máa ń mú fún oṣù púpọ̀, ilé ń fẹ́ ooru tọ̀sántòru. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ooru ni a ń sá fún. Alẹ́ ni a ń fẹ́ iná, ìdájí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fẹ́ omi ìwẹ̀ gbígbóná.

Ẹ̀kẹta: Èló ni mo jèrè? Kí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi onílíta 20 tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ìwẹ̀, kò gba ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yúnìtì kan lọ. Ènìyàn márùn-ún nínú ilé, yúnìtì kan àbọ̀ ló kù sí. Bí ẹ bá fi sítóòfù kẹrosíìnì sè é, kò ní gbà tó ìdajì líta. Bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ kékeré tí ó bá jó líta 2 ní alẹ́ kan yóò tú ooru bíi yúnìtì 15 dànù. Ẹ rí i pé bí ẹ tilẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà páìpù bàbà náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ooru ṣì ń ṣòfò. Kẹrosíìnì tí kò tó ìdajì líta ni èrè yín lójúmọ́, owó páìpù, owó jórinjórin àti ewu sì wà lórí rẹ̀.

Ẹ ó ní, "Ṣùgbọ́n ènìyàn 30 ni bàbá onílé ní." Òótọ́ ni, èrè rẹ̀ ju ti ilé ẹni márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn 30 tí ń wẹ omi náà ni ènìyàn 30 tí ń mí èéfín náà sínú. Ibi tí èrè ti pọ̀ sí i ni ewu ti pọ̀ sí i.

Ewu mìíràn tún wà tí a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé. Omi tí a sè nínú dúrọ́ọ̀mù tí a dé pa, tí oru rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, lè bú gbàmù. Sàlẹ́ńsà tí a dí lẹ́nu yóò mú kí ẹ̀rọ fún, kí epo má jó tán, kí kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì sì pọ̀ sí i. Ọmọdé tí ó bá fọwọ́ kan páìpù náà yóò jóná.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláyanja ní Ẹ̀pẹ́

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé ọjọ́ náà mo wọ ọkọ̀ gba Itoikin lọ sí Ẹ̀pẹ́ láti kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ẹni tí ó ti ń yan ẹja tà láti kékeré. Mo sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ fún wọn. Wọ́n mi orí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹnì kan wá bá wa ní ọjà, ó ní kí a máa fi èéfín jẹnẹrétọ̀ yan ẹja, kí a má ra igi mọ́, kí a sì rí iná tàn. Mo ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́."

Mo ní, "Mà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Ẹ má ṣe dán an wò."

Èéfín bẹntiróòlù kò yẹ kí ó kan ohun tí ènìyàn yóò jẹ. Èédú dúdú rẹ̀ àti epo tí kò jó tán yóò lẹ̀ mọ́ ẹja, ẹni tí ó bá rà á yóò sì gbé e mì. Lọ́nà kejì, ooru náà kò tó. Ooru tí ó wà nínú líta bẹntiróòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ti kílò igi gbígbẹ méjì. Ẹni tí ó mọ iye igi tí agbada ẹja kan ń jẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́ yóò mọ iye líta tí yóò rà.

Síbẹ̀, aláyanja sàn ju bàbá onílé lọ nínú ìbéèrè kejì, nítorí òun nílò ooru látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tí ó kù fún un ni kí ooru igi rẹ̀ má ṣòfò. Ààrò Chorkor, tí wọ́n gbé jáde ní abúlé Chorkor lẹ́bàá Accra ní Ghana, ń to àwọn àwo ẹja léra lórí iná kan ṣoṣo, ó sì ń dín igi kù. Bí ẹ bá fi ọ̀pá èéfín sí i tí ó ga kọjá òrùlé, ojú yín yóò sinmi, ẹ̀dọ̀fóró yín yóò sì sinmi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé èéfín ìdáná inú ilé gba ẹ̀mí nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní ọdún 2020. Nítorí náà mo bẹ ẹ̀yin ìyá, ẹ má ṣe pọn ọmọ sẹ́yìn dúró ti ààrò.

Àwọn sítóòfù kéékèèké kan wà nísinsìnyí tí ń fi ooru igi ṣe iná mànàmáná díẹ̀. Ó ń yí fáànù kékeré tí ń mú kí igi jó dáadáa, ó sì lè fún fóònù ní agbára. Ṣùgbọ́n wáàtì méjì tàbí mẹ́ta ni irú wọn máa ń ṣe. Kò lè tan ilé. Fìtílà olóòrùn kékeré kan yóò ṣe ju ìyẹn lọ fún ìsọ̀ ẹja.

Ta ni ó wá yẹ fún?

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lo iná kan fún iṣẹ́ méjì. Ilé ìwòsàn tí ń fọ aṣọ, tí ó sì ń sè irinṣẹ́ lójoojúmọ́, ilé ìtura olóyàrá púpọ̀, ilé iṣẹ́ tí ń lo omi gbígbóná tọ̀sántòru, gbogbo wọn lè jèrè nínú ẹ̀rọ onígáàsì tí a ṣe fún iná àti ooru pọ̀ láti ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, tí ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ tò sí ìta, tí a sì ń tún ṣe déédéé. Àwọn ni wọ́n ń lo ooru náà tán.

Fún ilé gbígbé wa, ìmọ̀ràn mi ni pé kí a ya iná sọ́tọ̀, kí a ya ooru sọ́tọ̀. Ẹ kun dúrọ́ọ̀mù kan ní dúdú, ẹ gbé e sí ibi tí oòrùn ti ń pa á. Ní ìrọ̀lẹ́ omi rẹ̀ yóò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ kò sì san kọ́bọ̀. Bí agbára bá wà, oòrùn kan náà lè fún yín ní iná díẹ̀díẹ̀.

Bí ẹ bá fura

Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin àti àwọn mìíràn nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí ara kò sì gbóná, ẹ fura. Bí ó bá ń sàn nígbà tí ẹ bá jáde, tí ó ń padà nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ fura gidigidi. Ẹ jáde síta ní kíá, ẹ gbé ẹni tí ó ti rẹ̀ jáde, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ pa ẹ̀rọ. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí ẹnu ẹni tí ó dákú. Kò lè yọ ohun tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kí ó pa á. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ó ní ọ́síjìn, tàbí kí ẹ pe 112 tàbí 767 ní ìpínlẹ̀ Èkó. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ má dúró kí ó bi yín o. Ẹ sọ fún un pé, "A ń tan jẹnẹrétọ̀." Ẹ̀rọ kékeré kan tún wà tí ń ké bí kábọ́ọ̀nù monọ́ksáìdì bá wọ yàrá. Ẹni tí ó bá lè rà á, kí ó rà á, kí ó sì gbé e kọ́ sí ibi tí wọ́n ń sùn.

Ní oṣù tó kọjá mo tún gba ojú ilé bàbá onílé kọjá. Jẹnẹrétọ̀ ti wà ní ìkángun àgbàlá nínú àgò irin, ó jìnnà sí gbogbo fèrèsé. Páìpù bàbà ti kúrò. Dúrọ́ọ̀mù dúdú méjì wà lórí pèpéle lẹ́bàá ilé ìwẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ jókòó síta, ọmọ rẹ̀ ti ń rá. Bàbá nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, oòrùn kì í rú èéfín."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ní alẹ́ òní, kí ẹ tó fa okùn ẹ̀rọ, ẹ wo ibi tí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú sí. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.